Ọ̀nà márùn-ún láti mú kí ìwọ̀n fluorescence péye: èwo ló bá sáńpù yín mu?

Ẹ̀pà kan ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. A ti lọ̀ ọ́, a ti fi methanol àti omi fa ohun inú rẹ̀ jáde, a sì gbé e sínú fluorometer, ẹ̀rọ tó ń wọn fluorescence, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ohun kan ń tan padà bí a bá tanná sí i. À ń wá iye aflatoxin tó wà níbẹ̀, májèlé tó máa ń wà nínú oúnjẹ tó ti bu. Nọ́ńbà tó jáde kéré, ọkàn wa balẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló bu omi là á ní ìlọ́po mẹ́rin, ó kà á, ó sì sọ ohun tó rí di ìlọ́po mẹ́rin padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwa. Ẹ̀pà kan náà ni o, ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Sáńpù wa ló ki jù, ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kí ìmọ́lẹ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ohun tí à ń wá.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà fluorescence tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Aflatoxin wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, inú ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tó ti bu ló sì máa ń wà. Òfin Yúróòpù sọ pé aflatoxin B1 kò gbọdọ̀ kọjá máíkírógíráàmù 2 nínú kílò kan ẹ̀pà tí ènìyàn máa jẹ tààrà, àti pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ń wọ̀n pa pọ̀, ìyẹn B1, B2, G1 àti G2, kò gbọdọ̀ kọjá 4. Bí àpapọ̀ wọn bá jẹ́ 6 ní tòótọ́, tí ẹ̀rọ wá ka 3, ẹrù tó yẹ kí a dá dúró máa kọjá, ọmọ ẹnì kan á sì jẹ ẹ́.

Ọ̀nà tí a lè fi tún nọ́ńbà ṣe pọ̀, àwọn tó ń tajà fún láàbù náà sì máa ń yìn ọjà wọn bí ẹni pé ó ń wo gbogbo àìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan tàbí méjì ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń wò, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Nítorí náà, kí a tó fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ba nọ́ńbà jẹ́.

Ohun tó ń ba nọ́ńbà jẹ́

Ohun tó ní fluorescence máa ń gba ìmọ́lẹ̀ kan sára, á sì tan òmíràn padà tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. George Gabriel Stokes ló fún un lórúkọ yìí ní Cambridge ní ọdún 1852, kúníìnì tí àwọn bàbá wa lò fún ibà sì wà lára ohun tó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Aflatoxin B1 máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ bíi nánómítà 365, èyí tí ojú wa kò rí, á sì tan búlúù padà ní bíi 440. Àwọ̀ yìí gan-an ni B orúkọ rẹ̀ dúró fún. G dúró fún gíríìnì.

Àìsàn àkọ́kọ́ ni ìgbémì. Nínú cuvette, ìgò kékeré tí a ń bu sáńpù sí, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, àárín rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wò. Bí absorbance sáńpù, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó, bá jẹ́ 0.05, ìmọ́lẹ̀ tó dé àárín ti dín ní bíi 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ 0.1, ó ti dín ní 11. Ní 0.3, 29 ti lọ. Ní 1, 68 ti lọ. Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé sáńpù tí absorbance rẹ̀ jẹ́ 0.3 ní 365 lè mọ́ gaara lójú, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Èkejì ni apamọ́lẹ̀, ohun inú sáńpù tó ń pa ìmọ́lẹ̀ mọ́ aflatoxin tàbí kúníìnì lára láìjẹ́ pé ó gbé ìmọ́lẹ̀ kankan mì. Ẹ lè rí èyí nílé. Ẹ bu omi tonic tó ní kúníìnì sínú ife, ẹ tan iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì fi ń yẹ owó wò sí i. Á tàn ní búlúù. Ẹ wá da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó pọ̀: ìmọ́lẹ̀ náà á rẹ̀wẹ̀sì. Chloride inú iyọ̀ ló pa á. Kúníìnì inú ife kò dín rárá, síbẹ̀ ẹ̀rọ máa sọ pé ó ti dín. Ìdí nìyí tí a kì í fi hydrochloric acid ṣe sítándáàdì kúníìnì, ìyẹn omi tí a mọ iye kúníìnì inú rẹ̀ tí a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò. Sulphuric tàbí perchloric la ń lò.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́lẹ̀ àjèjì. Òróró inú ẹ̀pà ń tàn, àwọ̀ ewé ń tàn, ike olówó pọ́ọ́kú ń tàn, ìka tó fara kan ara cuvette máa ń fi ohun tó ń tàn sílẹ̀ níbẹ̀. Omi lásán pàápàá, bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ 350 sí i, á dá díẹ̀ padà ní 397. Àìsàn yìí ń mú kí nọ́ńbà ga, àwọn méjì ìṣáájú ń mú kó kéré. Bí wọ́n bá pàdé nínú sáńpù kan, wọ́n lè bo ara wọn mọ́lẹ̀ débi pé nọ́ńbà á dà bí èyí tó péye.

Ẹ̀kẹrin wá láti ara ẹ̀rọ àti àyíká: gílóòbù tó ti ń gbó, yàrá tó gbóná lọ́sàn-án ju àárọ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó ń jó sáńpù. Rhodamine B, bí àpẹẹrẹ, ń pàdánù bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún ìwọ̀n Celsius kan tí yàrá bá fi gbóná sí i. Bí NEPA bá mú iná lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, tí yàrá wá gbóná sí i ní ìwọ̀n 5, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó ń ṣe sáńpù yín kò gba owó. Ẹ bu irú omi tí ẹ fi fà á jáde là á sí ìdajì: bí nọ́ńbà kò bá bọ́ sí ìdajì gẹ́lẹ́, ìgbémì wà níbẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n aflatoxin tí ẹ mọ̀ sínú sáńpù, kí ẹ fi irú rẹ̀ sínú omi tí ẹ fi fa sáńpù jáde: bí tinú sáńpù bá gbé nọ́ńbà sókè kéré sí tinú omi, ìgbémì tàbí apamọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀pà tí ẹ mọ̀ dájú pé kò ní aflatoxin: ohunkóhun tó bá tàn níbẹ̀ ju omi lọ, àjèjì ni. Ẹ fi sáńpù sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tún un kà: bó bá ti lọ sílẹ̀, iná ẹ̀rọ ń jó o tàbí yàrá ń gbóná.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ yìí. Àìsàn wo ló ń wò? Èló ló ń náni, nínú owó àti nínú àkókò? Níbo ló ti máa já ni kulẹ̀? Ṣé ó lè dúró níbi tí iná kò ti dúró?

Bíbu omi là á

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, n kò fi pamọ́. Pípẹ́ẹ̀tì tó dára àti omi tí ẹ fi fa sáńpù jáde ni gbogbo ohun tó gbà. Ó ń wo ìgbémì pátápátá, ó sì ń dín agbára ọ̀pọ̀ apamọ́lẹ̀ kù, torí pé bí wọ́n bá ṣe jìnnà síra tó nínú omi ni wọn kò ṣe ní máa fara kan ohun tí à ń wá tó.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé àwọn èèyàn á bu omi là á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì gbà pé ó ti tó. Ẹ máa bù ú là lọ títí nọ́ńbà á fi dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé sáńpù kan ka 315 láìbu omi là á, lẹ́yìn tí a ti yọ ti bíláǹkì, ìyẹn ohun tí kò ní aflatoxin nínú, kúrò. Ní ìlọ́po 2, ó ka 199, ìyẹn 398 bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 2 padà. Ní ìlọ́po 4, 111, ìyẹn 444. Ní ìlọ́po 8, 59, ìyẹn 472. Ní ìlọ́po 16, 30.4, ìyẹn 486. Láàárín 8 sí 16, ìyàtọ̀ ti di bíi 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni ẹ lè dúró. Ẹni tó bá dúró ní 2 ti pàdánù bíi ìdá márùn-ún òótọ́ láìmọ̀.

Ohun tó lè bà á jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kan ni pé kí ẹ bu omi mìíràn là á yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi fa sáńpù jáde. Aflatoxin B1 kì í tàn nínú omi bó ṣe ń tàn nínú methanol, nítorí náà bí ẹ bá da omi lásán sí sáńpù oní-methanol, ẹ ti yí bó ṣe ń tàn padà, ẹ kàn rò pé ẹ bù ú là ni. Èkejì ni pípẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fa máíkírólítà 5 sínú 500 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ìlọ́po 10 lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ sì máa fi òṣùwọ̀n yẹ pípẹ́ẹ̀tì wò: ní yàrá tó wà ní ìwọ̀n 25 Celsius, mílílítà 1 omi mímọ́ yẹ kó wọn gíráàmù 0.997. Mo ti rí pípẹ́ẹ̀tì tó ń fa 0.94 tí gbogbo láàbù ń lò láìfura. Ẹ̀kẹta ni pé bí ohun tí ẹ ń wá bá kéré gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, omi tí ẹ bù là á máa rì í pátápátá.

Kò sì wo ìmọ́lẹ̀ àjèjì rárá. Bí òróró ẹ̀pà bá ń tàn, bí ẹ ṣe bu omi la aflatoxin lẹ bu omi la òróró náà, ìpín wọn kò yí padà.

Fífi absorbance ṣe àtúnṣe

Ọ̀nà yìí wà fún ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan sáńpù, tàbí tí sáńpù rẹ̀ kéré débi pé kò lè bù ú là. Ẹ fi spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ka absorbance sáńpù ní ìgbì tí ẹ̀rọ fi ń tanná sí i àti ní ìgbì tí sáńpù fi ń tan padà. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ gbé 10 sí agbára nọ́ńbà yẹn, kí ẹ fi sọ ohun tí fluorometer kà di púpọ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0.30, tí èkejì jẹ́ 0.04, àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.34, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.17, 10 sí agbára 0.17 sì jẹ́ bíi 1.48. Sáńpù tó ka 200 di 296.

Ẹni tó bá ti ní spectrophotometer kò ní ná kọ́bọ̀ kan sí i, ìṣẹ́jú méjì péré ló sì gbà fún sáńpù kan. Mo gbà á gbọ́ títí dé absorbance bíi 0.3. Bó bá ti ń sún mọ́ 1, ìṣirò náà ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, torí pé ó gbà pé ojú kan ní àárín cuvette ni ẹ̀rọ ń wò, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń wo àyè tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cuvette sẹ̀ǹtímítà 1 tí a fi ń wo ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ má gbé e lọ sórí àwo oníhò 96, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wo sáńpù láti òkè. Jíjìn omi níbẹ̀ yàtọ̀.

Ibi tó ti ń já ni kulẹ̀ jù ni apamọ́lẹ̀. Iyọ̀ inú omi tonic yẹn kò gbé ìmọ́lẹ̀ mì, spectrophotometer kò ní rí i, àtúnṣe yín á sì fi nọ́ńbà tó kéré sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà yìí nìkan láìfi ìwọ̀n tó mọ̀ dán sáńpù wò ń rìn nínú òkùnkùn.

Fífi ìwọ̀n tí a mọ̀ kún sáńpù

Dípò kí ẹ ṣe ìlà sítándáàdì, èyí tó ń fi hàn bí nọ́ńbà ṣe ń ga bí aflatoxin ṣe ń pọ̀, nínú omi mímọ́ tí ẹ fi ń fa sáńpù jáde, inú sáńpù gan-an lẹ ti ń ṣe é. Ẹ pín sáńpù sí ìgò mẹ́rin, ẹ fi iye sítándáàdì tó yàtọ̀ síra sí mẹ́ta nínú wọn, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí omi inú gbogbo wọn sì dọ́gba. Ohunkóhun tó bá ń pa ìmọ́lẹ̀ aflatoxin inú sáńpù máa pa ti sítándáàdì náà ní ìwọ̀n kan náà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Sáńpù ka 120. Nígbà tí a fi nánógíráàmù 5 kún mílílítà kan rẹ̀, ó ka 170. Nánógíráàmù kan ń gbé e sókè ní 10, nítorí náà 12 ló wà nínú rẹ̀. Nínú omi mímọ́, nánógíráàmù kan ń gbé e sókè ní 16. Ẹni tó bá lo ìlà omi mímọ́ á pín 120 sí 16, á rí 7.5, á sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo ìyàtọ̀ yẹn, apamọ́lẹ̀ àti ìgbémì ló gbé e.

Kò sí ọ̀nà tó mọ apamọ́lẹ̀ mú bí èyí. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àjèjì máa ń yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Bí 40 nínú 120 yẹn bá jẹ́ ti òróró, 80 péré ló jẹ́ ti aflatoxin, ìdáhùn sì jẹ́ 8, kì í ṣe 12. Ìlà náà á tọ́ gbọnrangandan, kò ní fi hàn yín pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nípa ọ̀nà yìí ni pé ẹwà ìlà rẹ̀ máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀.

Ó sì ń jẹ àkókò. Sáńpù 20 di ìgò 80, sítándáàdì aflatoxin wọ́n, májèlé sì ni fúnra rẹ̀: ìbọ̀wọ́, ìgò aláwọ̀ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, àti ìfararabalẹ̀. Fún sáńpù mẹ́ta tí ẹnì kan ń jà sí, mo máa ṣe é láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọgọ́rùn-ún sáńpù lọ́sẹ̀, rárá.

Fífọ sáńpù mọ́ kí a tó kà á

Níbí, ohun tó ń dà wá láàmú la ń lé jáde. Èyí tó dára jù fún aflatoxin ni ọ̀pá kékeré tí wọ́n kó antibody sí nínú, ohun tó ń di aflatoxin nìkan mú. Aflatoxin á lẹ̀ mọ́ antibody, òróró, àwọ̀ àti iyọ̀ á ṣàn kọjá, a ó fi omi ṣan ọ̀pá náà, lẹ́yìn náà methanol á tú aflatoxin sílẹ̀ ní mímọ́. Ìgbémì, apamọ́lẹ̀ àti àjèjì ló ń wò pa pọ̀, kò sí òmíràn nínú àwọn márùn-ún tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, a máa ń fi kẹ́míkà bromine kún un kí B1 àti G1 lè tàn dáadáa, a ó sì kà á nínú fluorometer, tàbí kí a gbé e lọ sórí HPLC, ẹ̀rọ tí yóò ya B1, B2, G1 àti G2 sọ́tọ̀.

Owó rẹ̀ ni ìṣòro. Ọ̀pá kan fún sáńpù kan ni, a kì í tún un lò, láti òkè òkun ló sì ti ń wá. Inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius, ni ó gbọ́dọ̀ wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o jáde. Fún láàbù tí iná rẹ̀ ń lọ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, èyí ni kókó ọ̀rọ̀. Antibody tó ti gbóná kò ní pariwo. Aflatoxin á kàn máa ṣàn kọjá pẹ̀lú ìdọ̀tí, nọ́ńbà á sì máa kéré. Bí methanol inú sáńpù bá pọ̀ jù nígbà tí ẹ dà á sórí ọ̀pá, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu omi là á. Ẹ máa fi iye aflatoxin tí ẹ mọ̀ sínú ẹ̀pà mímọ́ ní gbogbo ìgbà tí páálí tuntun bá dé, kí ẹ wo iye tó jáde. Fún B1 tó wà láàárín máíkírógíráàmù 1 sí 10 nínú kílò, ó kéré tán, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń gbà. Bó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn, ẹ má lo páálí náà.

Ẹni tí kò lágbára ọ̀pá lè fi hexane, omi kẹ́míkà tó ń yọ́ òróró, gbọn sáńpù. Òróró á bá hexane gòkè, aflatoxin á dúró sínú methanol àti omi nísàlẹ̀, a ó sì da hexane nù. Kò fọ̀ ọ́ mọ́ tó ọ̀pá, àmọ́ fún ẹ̀pà, tí òróró rẹ̀ pọ̀, ó ń gba ìdajì ìjà náà jà.

Kíkà á lẹ́yìn tí àjèjì ti kú

Ìmọ́lẹ̀ òróró, ike àti àwọ̀ ewé kì í pẹ́. Láàárín nánósẹ́kọ́ǹdù díẹ̀ ó ti tán. Europium, irú irin kan, tí a bá so ó mọ́ antibody, ń tàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún máíkírósẹ́kọ́ǹdù. Ẹ̀rọ á tan iná, á dúró díẹ̀ títí àjèjì á fi kú, kó tó wá ṣí ojú. Turku ní Finland ni wọ́n ti sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ló sì ń lò ó jù.

Kò sí ohun tó mọ àjèjì lé tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aflatoxin fúnra rẹ̀ kì í tàn pẹ́, nítorí náà ohun ìdánwò tí wọ́n ti so europium mọ́ lẹ gbọ́dọ̀ rà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè dúró kó tó kà. Bí ẹ kò bá ní iṣẹ́ tó pọ̀ lójoojúmọ́, owó náà kò ní padà.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwòjú. Ohun tó ki bí epo pupa, tí ẹ kò sì fẹ́ bu nǹkan kan là, ẹ lè tanná sí ojú rẹ̀, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ láti ojú kan náà dípò ẹ̀gbẹ́. Ó wúlò láti mọ̀ bóyá epo kan yàtọ̀ sí òmíràn. Láti mọ iye gan-an, n kò gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí gbogbo wọn nílò

Ọ̀nà yòówù kí ẹ mú, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ní ìgò sítándáàdì kan tí ẹ dí pa, tí ẹ ń kà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, gílóòbù ló ń gbó. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n, ń ta quinine sulphate tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ SRM 936a fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò lè rà á lè lo omi mímọ́: ẹ tanná 350 sí i, ẹ wo òkè kékeré tó wà ní 397, kí ẹ máa fi ti òní wé ti àná.

Mo tún ní láti sọ èyí, nítorí pé mo ti rí i tó ba iṣẹ́ rere jẹ́. Aflatoxin kì í wà káàkiri àpò ẹ̀pà ní ìwọ̀n kan náà. Hóró díẹ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyókù mọ́. Ẹni tó bu ẹ̀kún ọwọ́ kan láti ẹnu àpò, tó wá náwó lé ọ̀pá antibody, ti ṣe àṣìṣe tí ọ̀nà kankan nínú márààrún kò lè tún ṣe. Ẹ bù ú láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, láti inú ọ̀pọ̀ àpò, ẹ lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, kí ẹ tó wọn èyí tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fluorometer àti pípẹ́ẹ̀tì nìkan, kó bu omi là á títí nọ́ńbà á fi dúró, kó sì fi ẹ̀pà mímọ́ ṣe bíláǹkì. Bó bá rí hexane, kó kọ́kọ́ fi yọ òróró. Kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ṣe iṣẹ́ tí olùyẹ̀wò máa gbà.

Ẹni tí sáńpù rẹ̀ kéré, tó mọ́ díẹ̀, tí spectrophotometer sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó lo àtúnṣe absorbance, bí absorbance rẹ̀ kò bá kọjá 0.3 tí ìwọ̀n tó fi kún un sì fi hàn pé kò sí apamọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kùnà, kó padà sídìí omi.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ sáńpù rẹ̀ máa dé ilé ẹjọ́, tàbí tí òun àti láàbù mìíràn kò gbọ́ ara wọn yé, kó fi ìwọ̀n kún sáńpù lẹ́yìn tó bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Méjèèjì pa pọ̀ ni mo wí. Èkíní nìkan kò lè rí àjèjì.

Ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹ̀pà tàbí àgbàdo ránṣẹ́ sí òkè òkun, kó ra ọ̀pá antibody, kó sì ra fíríìjì tó ní ínfátà tirẹ̀ ṣáájú ọ̀pá. Iye tí wọ́n máa ná lórí ọ̀pá fún ọdún kan kò tó iye ẹrù kan tí wọ́n bá dá padà láti èbúté.

Ilé ìwòsàn ńlá tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn wò lójoojúmọ́, europium tọ́ sí wọn. Láàbù oúnjẹ kékeré, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti ẹ̀pà wa yẹn, a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú hexane, a bù ú là ní ìlọ́po 16, a tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọjá ààlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́kọ́ bu omi là á ló fọwọ́ sí ìwé tí a fi dá ẹrù náà dúró.